Ìdí Tí Alákàn Fi Ń Nawọ́ Sókè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ sórí igi, kò balẹ̀ sórí òrùlé. Etí odò ló balẹ̀ sí, lẹ́nu ihò Alákàn.

Alákàn bímọ púpọ̀, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń gbá a. Bí omi bá ti kún, pápá lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ a bú sẹ́kún, ọkàn ìyá wọn a sì gbọgbẹ́.

Erin ni alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù gbogbo ẹranko àgbáyé nígbà náà. Ìjàpá ń fi ojú méjèèjì wá ipò yẹn. Ta ni ò mọ ìdí ẹ̀? Ọwọ́ alága ni àpò owó wà!

Ìjàpá dìde ní ìpàdé, ó ní, "Bí a bá ń dìbò, ọwọ́ tó nà sókè ni ká máa kà. Ẹ má ka orí mọ́."

Wọ́n ní kò burú. Wọn ò fura. Ó di ilé Alákàn.

"Ìyá Alákàn, ẹ kúulé o."

"Káàbọ̀, Ìjàpá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ fi gbogbo ọwọ́ yín dìbò fún mi. Màá kọ́ pápá tí omi ò lè gbé fáwọn ọmọ yín. Ibẹ̀ la ó ti gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ!"

Inú Alákàn dùn dẹ́yìn. Òun àtọmọ da orin bolẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Omi ti gbé pápá wa lọ o,
*Bọ́ọ̀lù ń bọ̀!*
Ìjàpá ní òun ó kọ́ tuntun,
*Bọ́ọ̀lù ń bọ̀!*
Ọmọ Alákàn, ẹ má sunkún mọ́,
*Bọ́ọ̀lù ń bọ̀!*

Ọjọ́ ìbò pé. Alákàn àtọmọ nawọ́ sókè, ọwọ́ ṣú bí igbó. Ìjàpá wọlé.

Ó gbàgbé etí odò. Owó ẹgbẹ́ ló fi kọ́ pápá síwájú ilé ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ní kí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ. Alákàn kó ọmọ, wọ́n rìn títí dé ẹnu géètì. Àwọn aṣọ́nà ní kí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì wá. Alákàn ní kí wọ́n bá òun pe Ìjàpá.

Ìjàpá yọjú. "Ta nìyí? N ò mọ̀ ọ́n rí."

Áà, ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ! Àbíkẹ́yìn béèrè pé, "Ìyá wa, ṣé bọ́ọ̀lù ò bọ̀ mọ́?" Alákàn kó wọn padà sétí odò.

Nígbà tí ìbò mìíràn dé, Ìjàpá tún sáré wá. "Ìyá mi àtàtà..."

Alákàn ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó kó ọmọ lọ sípàdé. Erin, tó ń darí ìbò, béèrè pé, "Ta ló fẹ́ kí Ìjàpá kúrò?" Ọwọ́ Alákàn àtọmọ lọ sókè.

"Ẹ ka orí! Ẹ ka orí!" Ìjàpá ń kígbe.

"Òfin tìẹ là ń lò," ni wọ́n wí. Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e dànù. Ṣùgbọ́n òfìfo ni àpò. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò kọ́ pápá etí odò.

Nítorí náà, bí ẹ bá sún mọ́ Alákàn, tó gbé ọwọ́ sókè, ẹ má sọ pé ìjà ló ń wá. Ó rò pé ẹ wá tọrọ ìbò ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ náà dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀yin náà nawọ́ sókè, kí ẹ lé mi.