Ilé Pákó Tí Ọ̀nàyẹmí Kọ́ Sórí Òkè

Ọ̀nàyẹmí, ọmọ ìdílé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Òkè-Ọyẹ́, kì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ilẹ̀kùn, á wo ẹnu ọ̀nà, á fi ìka wọ̀n ọ́n, á mi orí. Ó di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí kí a tó tún gbóhùn rẹ̀. Orí òkè gíga ni ìlú wọn wà, láàárín àwọn àpáta ńláńlá. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé níbẹ̀, ògiri a nípọn, ilẹ̀ a sì tutù débi pé lásìkò ọyẹ́, àwọn arúgbó kì í fẹ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀.

Etí omi lọ́nà jíjìn ló ti fẹ́ Oríyọmí, aya rẹ̀. Ní ìlú tirẹ̀, orí òpó ni ilé ń dúró sí, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀. Ọdún mẹ́rin lobìnrin náà fi gbé orí òkè láìráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tó lọ sìnkú tó sì padà dé, oorun kọ̀ ọ́. Wọ́n fún un lágbo títí, kò ṣiṣẹ́. Ó rù débi pé bùbá tó ń há a mọ́ra tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òun yóò wá mú ọmọ òun lọ sílé, kó má baà kú sílẹ̀ àjèjì.

Ọ̀nàyẹmí gbọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jókòó ti aya rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Oríyọmí gbé ẹ̀wà náà sílẹ̀.

"Ilé yín kì í sọ̀rọ̀ ni, ọkọ mi," ó wí. "Nílé wa, bí ìyá mi bá dìde, pákó á sọ fún mi. Bí bàbá mi bá ti odò dé, pákó á sọ fún mi. Bí mo bá ti mọ̀ pé ara ilé pé, oorun á gbé mi lọ. Níbí, ògiri dákẹ́. Bí mo bá dijú, ibojì ìyá mi ni mò ń rí."

Nígbà náà ni Ọ̀nàyẹmí rántí ìgbà tó kọ́kọ́ lọ tọrọ rẹ̀. Ó sùn nílé àwọn àna rẹ̀ bí ọmọ tó mu ọmú yó. Àárẹ̀ ìrìn àjò ló pè é nígbà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé igi ni.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tó fi gbé àáké, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú igbó ẹsẹ̀ òkè. Ìrókò ló gé fún òpó, nítorí ikán kì í lè rí i gbé ṣe. Igi ọmọ̀ ló là fún ògiri àti ilẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í ta ọwọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ru pákó náà gun òkè, dé etí àpáta kan tí atẹ́gùn máa ń gbà kọjá.

Bí òpó ti dúró lẹnu ṣí. Àwọn apọnmi ń bi ara wọn léèrè bóyá ilé ni tàbí àgò adìyẹ. Ajíbóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a máa gbé àpótí rẹ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sán, á jókòó, á máa ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó ní ilẹ̀kùn làwọn bàbá àwọn ń gbẹ́, wọn kò gbẹ́ ilé rí. Ó ní ẹta-iná kan ṣoṣo yóò jó o di eérú. Lọ́jọ́ kan, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pósí ni àbúrò òun ń kàn de ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọ̀nàyẹmí. Ó tún fi ìfági fá pákó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ ra á bọ̀, títí kò fi sí ẹ̀gún igi kankan tó lè fa ìró aya rẹ̀ ya.

Ọjọ́ tó kan ìṣó ìkẹyìn ni bàbá Oríyọmí dé. Àwọn ará ìlú péjọ. Ìpínyà tọkọtaya gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn wá wò. Oríyọmí ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọ inú ilé náà wò, kí òun lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ òun kí òun tó lọ. Ó gun àkàsọ̀ mẹ́ta, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tí pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n dúró títí. Ọ̀nàyẹmí rò pé ẹkún ni aya òun ń sun. Òun àti àna rẹ̀ yọ́ wọlé. Orí ilẹ̀ pákó lásán ni Oríyọmí dùbúlẹ̀ sí, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òórùn igi tútù kún inú ilé. Atẹ́gùn ń ti ògiri, ògiri sì ń dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ó ń sùn.

Bàbá náà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, kò sì tètè gbé e kúrò. Nígbà tó jáde, ó sọ fún àwọn tó bá a wá pé kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, ìrìn àjò ọjọ́ náà ti yí padà.

Ajíbóyè kò mọ ohun tí wọ́n rí nínú ilé. Ó ti ń nàka sí òrùlé pé ó tẹ̀ sí òsì, pé fèrèsé kéré, pé àkàsọ̀ márùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Ẹlòmíràn ní igi apá ni òun ì bá fi ṣe òpó. Ohùn ń ròkè, wọ́n sì kọjú sí Ọ̀nàyẹmí pé kó wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń nu ìfági àti ayùn rẹ̀, ó ń kó wọn sápò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ti fi ọwọ́ gbẹ́ tèmi tán," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu gbẹ́ ló kù. Ẹ ṣáà jọ̀wọ́, ẹ rọra máa gbẹ́ ẹ, ìyàwó mi ń sùn."

Àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ọjọ́ karùn-ún, òun àti àwọn tó bá a wá padà sétí omi láìmú Oríyọmí lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà kò sì kúrò lórí òkè náà mọ́, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu.