Mítì-páì Ìbíwùmí

Ní ayé ìgbà tí ilé-ìdáná ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Òkè-Arómi ṣì ń lo ààrò amọ̀, tí òórùn èéfín kì í kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbíwùmí. Ọmọ oníyán ni. Bí ó bá gbé ọmọ odó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a dúró máa wò ó. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó láéláé.

Àríyíkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìbíwùmí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ yìí, ṣé iyán lò ń gún ni, àbí ò ń lé eṣinṣin?" Àríyíkẹ́ a kàn rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ jáde, Mísìsì Fálànà, olùkọ́ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, kéde ìdíje oúnjẹ sísè: oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn agbègbè ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni ilé-ìwé yóò rán lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìbíwùmí ti ń lá àlá èyí tipẹ́. Ó tilẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Tíṣà Ìbíwùmí" sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Wọ́n ṣẹ́ ìbò. Bisikíìtì àwọn ará Sikọ́tílándì bọ́ sọ́wọ́ Àríyíkẹ́. Mítì-páì tí àwọn awakùsà agbègbè Kọ́nwọ̀ọ̀lù máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Ìbíwùmí.

Mísìsì kìlọ̀ fún wọn. "Orí ìka ni kí ẹ fi po ìyẹ̀fun yìí, bí ẹni ń tú irun ọmọ tó ń sùn. Bí ó bá ti so pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀."

Ní ọjọ́ ìdíje, Ìbíwùmí wo ìyẹ̀fun rẹ̀, ó rí kókó. Kókó! Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn òbí níwájú. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi ìkúùkù gún un, ó yí i, ó tún gún un, títí ó fi ń dán tó sì ń fà bí iyán.

Àríyíkẹ́ rọra sọ fún un pé, "Wùmí, ó ti tó."

"Máa wo tìrẹ, jàre!"

Páì náà pọ́n dáadáa, òórùn rẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Bàbá Àlùfáà Adéṣíyan, tó jẹ́ adájọ́, fi ọ̀bẹ sí i. Ọ̀bẹ yọ̀. Páì fò kúrò nínú àwo, ó balẹ̀ gbì lórí sìmẹ́ńtì, ó sì yọ̀ lọ títí dé ẹsẹ̀ ìyá Ìbíwùmí. Èérún kan kò já lára rẹ̀. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ gbé e, ó fi èékánná kàn án wò. "Ọmọ mi, kí ni ìyẹ̀fun yìí ṣe fún ọ tí o fi bá a jà?"

Bisikíìtì Àríyíkẹ́ ní tirẹ̀ yọ́ lẹ́nu Bàbá Àlùfáà kí ó tó rún un.

Àríyíkẹ́ lọ sí Ìbàdàn, Ìbíwùmí padà sí ìdí odó. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó lè fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àríyíkẹ́ padà wá di olùkọ́ ní Òkè-Arómi, Ìbíwùmí ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè pé kó wá ran òun lọ́wọ́ nínú ilé-ìdáná náà. Irun àwọn méjèèjì ti funfun báyìí. Bí ọmọ kan bá sì ti ká apá aṣọ sókè níwájú ìyẹ̀fun, Ìbíwùmí a di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, a ní, "Rọra, ọmọ mi."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Arómi fi ń pa á lówe títí di òní pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.