Ìdajì Jin àti Liang Mẹ́jọ
Àwọn ọmọ ìjòyè méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, dìde dúró nínú ọkọ̀ Suyin, obìnrin atukọ̀ kan nílẹ̀ Ṣáínà, ọkọ̀ sì ń mì gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ké ewì tán, wọ́n sì ní kó sọ ẹni tí ewì rẹ̀ dùn jù, àti pé èyí tí obìnrin náà bá fojú kéré nínú wọn yóò tì í sómi. Suyin ò dá àjẹ̀ dúró. “Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ìdajì jin, àbúrò jẹ́ liang mẹ́jọ.” Wọ́n béèrè pé, “Èwo ló wúwo jù nínú ìwọ̀n méjèèjì?” “Ẹ bi ẹni tó ń wọn ẹja létí odò yẹn.” Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀, wọ́n bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn láti lọ bi í. Oníwọ̀n bú sẹ́rìn-ín: “Liang mẹ́rìndínlógún ló wà nínú jin kan! Ẹni méjì tí kò sàn ju ara wọn là ń pè bẹ́ẹ̀.” Kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn, Suyin ti dé àárín odò.