Okùn Àga Baálẹ̀ Láoyè

"Ká wo ẹni tí yóò jókòó, ká tó wọn àga." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí yín, àbí? Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Láoyè, Baálẹ̀ Ìdí-Ọsàn, sanra débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Lọ́jọ́ kan, Kábíyèsí ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè sí i lọ́rùn. Ogún ọdún ló ti ń retí ìlẹ̀kẹ̀ yìí! Ló bá ní àfi kí òun ní àga alápá méjì bíi ti Baálẹ̀ Òkè-Agbọ̀n, ọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi ilá. Ó ní kí wọ́n lọ fi okùn wọn àga náà, kí wọ́n ta kókó sí ibi gíga àti fífẹ̀ rẹ̀. Ó wá fún Ọlọ́nàdé gbẹ́nàgbẹ́nà ní okùn náà.

"Baba, ta ni yóò jókòó sí i?" Ọlọ́nàdé béèrè.

"Ṣé ìbéèrè ni mo ní kí o gbẹ́ ni? Tẹ̀ lé kókó!"

Ọlọ́nàdé náà lágídí. Ó tẹ̀ lé kókó.

Lọ́jọ́ ìlẹ̀kẹ̀, Láoyè fi tipátipá há ara rẹ̀ sínú àga. Bí wọ́n ṣe pariwo pé ọba dé, ó dìde, àga bá a dìde. Wọ́n fà á títí, kò bọ́. Ta ni yóò sì rí ọba tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Láoyè dọ̀bálẹ̀ tòun tàga lẹ́yìn, bí ahun.

"Láoyè," ni Kábíyèsí wí, "ta lo pọ̀n?"

Àwọn ènìyàn ní gbẹ́nàgbẹ́nà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ọlọ́nàdé yọ okùn, ó wọn àga lójú gbogbo wọn: kókó kan kò yẹ̀.

"Kábíyèsí, Baálẹ̀ sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó. Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ jókòó, kí àwọn sì tún dìde."

Ayùn ni wọ́n fi gé apá àga kí Baálẹ̀ tó bọ́. Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀, ó wo ọrùn Láoyè, ó sì rọra dá a padà sínú àpò.

"Láoyè, fara balẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọrùn Baálẹ̀ Òkè-Agbọ̀n la fi wọn èyí náà."

Láoyè bú sẹ́kún.

Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń to bí nǹkan yóò ṣe rí, tí kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan fẹ́ ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìkàwé àdúgbò wa. Wọ́n ka ogójì ojú ewé sí wa létí, gbogbo rẹ̀ lórí àwọ̀ bọ́tìnnì àti ìwọ̀n lẹ́tà. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnì kan fẹ́ yá ìwé. Ìyá arúgbó kan dìde, ó pa òwe yìí, ó sì jókòó.