Òkété àti Ekùrọ́ Etí Odò

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó gba etí odò, ó yà sí ilé ìwé àwọn ẹranko, ó bá Òkété ẹlẹ́nu dídùn lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún náà, òjò pẹ́, ó pẹ́ títí ebè fi là. Odò Awẹ́rẹ́ rù títí òkúta ìdí rẹ̀ fi yọ bí egungun ìhà. Àwọn ẹranko ti fi gbogbo igi etí rẹ̀ dáná tán.

Lékèélékèé arìnrìn-àjò ni olùkọ́ wọn. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ekùrọ́ mẹ́wàá.

Ó ní, "Igbó ni òjò fi ń mọ ọ̀nà ilé wa. A gé igbó, òjò ṣìnà. Kí kálukú lọ gbin tirẹ̀ sí etí odò."

Òkété gbọ́, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ń bọ̀. Kí ni òun yóò jẹ? Ó sáré lọ dènà wọn.

"Ọmọ Àgbọ̀nrín, ṣé pátákò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni o fẹ́ fi gbẹ́lẹ̀?"

"Bàbá Òkété, olùkọ́ ní kí kálukú gbin tirẹ̀ o."

"Ta ló mọ ilẹ̀ gbẹ́ jù mí lọ? Ẹ kó o wá, kí ẹ lọ ṣeré!"

Wọ́n kó o fún un. Òkété kó ekùrọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó o kún ti òsì. Bí ó ti kọjú sí ihò rẹ̀ báyìí, gìrìgìrì! Olùkọ́ àti àwọn ọmọ dé.

Olùkọ́ ní, "Àwọn ọmọ ní ẹ ti bá wọn gbìn ín. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ wá bá wa gbe orin."

Òjò ń bọ̀, ta ló gbin igi?
— *Èmi gbìn ín, ó ti ń hù!*
Odò ń gbẹ, ta ló gbin igi?
— *Èmi gbìn ín, ó ti ń hù!*

Gbogbo ẹnu gbè é. Òkété kàn ń mi orí ni.

"Bàbá Òkété, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú! Ṣé eyín ló ń dùn yín ni?" Ọmọ Àgbọ̀nrín ló bi í.

Òkété fẹ́ sọ pé "Rárá". Pọ́rọ́! Pọ́rọ́! Ekùrọ́ dà sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Lékèélékèé ní, "Ẹnu tí ó kó o ni yóò kó o dé etí odò."

Òkété ń kó o, ó ń gbẹ́lẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin tirẹ̀. Lọ́dún mélòó kan, imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo Awẹ́rẹ́, òjò sì rántí ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó ekùrọ́, tí ó ń rì í mọ́lẹ̀ káàkiri. Èyí tí ó bá gbàgbé a hù. Ṣé ẹ̀yin náà kò tíì rí ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn?

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti Òkété.

Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ṣé ó wú?
— Kò wú o!