Ọ̀gágun Tí Ẹ̀rù Ọmọ Ogun Tirẹ̀ Ń Bà

Ọkùnrin kan wà tí ó di olórí gbogbo ọmọ ogun ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Má wo aago, Dókítà. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ kì í pè ọ́ jókòó lásán, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í gùn.

Wọn kò fi ipò náà dá Ọ̀gágun yìí lọ́lá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n kó ìbọn wọ ilé ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹni náà sì tó wọ bàtà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti jókòó sórí àga yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí sójà kan bá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ohun tí ó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé kí ni eléyìí ń gbèrò. Ọ̀tá òde kò bà á lẹ́rù. Àwọn tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wọn ń bà á.

Ó wá tún gbogbo iṣẹ́ ogun tò. Tẹ́lẹ̀, ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní ọta ìbọn tirẹ̀, ọ̀gá ibùdó ló sì ń pín in. Ọ̀gágun ní kí wọ́n kó gbogbo ọta wá sí olú-ìlú, sínú ilé olókùúta kan tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sápò. Ẹni tí ó ń tọ́jú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tọ́jú epo. Ẹni tí ó ń tọ́jú epo kò gbọdọ̀ bá awakọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí ọ̀gá kan bá sì ti pẹ́ ní ibùdó kan débi pé ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí ibòmíràn. Ọgbọ́n ńlá ni Ọ̀gágun pe gbogbo èyí. Àwọn tí ó yí i ká náà pè é bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ ẹnu wọn.

Lójú ẹni tí ó ń wò wọ́n láti òde, kò sí àléébù lára àwọn ọmọ ogun náà. Bí wọ́n bá ń yan ní ọjọ́ òmìnira, bàtà wọn a máa dán, ìbọn èjìká wọn a máa kọ mànà, àwọn àlejò láti òkè òkun a sì dìde pàtẹ́wọ́ fún wọn. Òfìfo ni ìbọn náà. Àwọn sójà fúnra wọn ń pè é ní igi ìdáná. "Gbé igi ìdáná rẹ, ó jàre, ká lọ ṣọ́ ìlú." Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín.

Ibùdó kan wà létí odò ní ẹnu ààlà, abúlé kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ibùdó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn kò tíì ráyè gbé e kúrò. Ní ọjọ́ kan, àwọn obìnrin tí ó ń dáko ní òdìkejì odò sáré padà wálé, wọn kò sì mú nǹkan kan bọ̀ láti oko. Wọ́n ní àwọn agbébọn ti kún inú igbó, wọ́n ń so igi pọ̀ láti fi sọdá. Ìyá arúgbó kan di aṣọ ọ̀gá náà mú.

"Ọmọ mi, má tàn mí. Ṣé kí a máa sá lọ ni, àbí ẹ lè gbà wá?"

"Ẹ má sá, Mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọta wá."

Ó fi rédíò ológun pe olú-ìlú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọta kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò. Ó pe ẹni tí ó ju ẹni yẹn lọ, ìyẹn ní òun kò gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó wá fi ibùdó sí ìkáwọ́ sájẹ́ǹtì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì forí lé olú-ìlú fúnra rẹ̀.

Wàyí o, Dókítà, fi ara rẹ sí ipò Ọ̀gágun. Ọ̀gá ológun kan fi ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ó wọ olú-ìlú, ó ń wá ọta ìbọn kiri. Kí ni ìwọ yóò pè é? Ohun tí Ọ̀gágun náà pè é nìyẹn. Wọ́n bọ́ bẹ́líìtì ìdí ọ̀gá ibùdó náà, wọ́n sì tì í dé iwájú Ọ̀gágun.

"Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, sà."

"O rò pé mò ń bá ọ ṣeré ni?"

"Rárá o, sà. Àwọn agbébọn ti ń múra àtisọdá. Ẹ fún mi ní ọta, sà. Tí a bá ti lé wọn tán, kí ẹ wá tì mí mọ́lé."

Ọ̀gágun kò dúró dìgbà náà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n jù ú sí àhámọ́ tí ó wà nínú bárékè olú-ìlú. Ọ̀gágun tún wá rò ó síwájú. Bí ọ̀gá bá ń dìtẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ńkọ́? Ó pàṣẹ kí ọkọ̀ lọ sí ibùdó etí odò kíákíá. Ọkọ̀ tí kì í rí epo, ó rí epo lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn ará abúlé gbọ́ ìró ọkọ̀, inú wọn dùn kọjá sísọ. Àwọn obìnrin tú jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń pariwo pé ọta ti dé. Ìyá arúgbó yẹn bu omi tútù wá fún awakọ̀. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn sójà tò, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n mu omi ìyá náà tán kí wọ́n tó lọ.

Àwọn agbébọn sọdá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Sájẹ́ǹtì kó àdá àti ọkọ́ jọ nínú abúlé, ó pín in fún àwọn sójà, wọ́n sì dúró sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ti etí odò wá, kí àwọn ará abúlé lè ráyè sá. Wọ́n pẹ́ lórí ìdúró ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó yè. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá nínú abúlé sá àsálà. Ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kò yá.

Ọ̀gágun sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé òkú àwọn sójà náà wá sí bárékè olú-ìlú, kí wọ́n fi àsíá bo pósí wọn. O mọ̀ pé bí wọ́n bá ń sin sójà tí ó kú sójú ogun, wọ́n máa ń yìnbọn sókè láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀gágun yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n ṣí ilé olókùúta, wọ́n gbé ọta jáde. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀gá ibùdó gbọ́ ìró ìbọn láti inú àhámọ́. Ó fò dìde, ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ń dán ọta wò láti kó o lọ fún wọn?"

Wọ́dà tí ó ń ṣọ́ ọ kò lè wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ń sin wọ́n ni, sà."

Títí Ọ̀gágun náà fi fẹ̀yìn tì, sójà kankan kò dìtẹ̀ mọ́ ọn.

Dókítà, ilé ìwòsàn rẹ mọ́, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ funfun, kò sí ẹni tí ó wọ ibẹ̀ tí kò yìn ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé òṣìṣẹ́ kan jí oògùn rẹ nígbà kan, ìwọ nìkan lo ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn káàkiri. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá pè ọ́ lórí fóònù níbi ìgbéyàwó tí o wà, o sì bi í pé ta ló fẹ́ ta oògùn náà fún. Nígbà tí ó gun ọ̀kadà wá bá ọ níbẹ̀, o lé e lẹ́nu iṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Kí o tó délé, obìnrin náà ti kú.

Òní lo wá ní kí n wọ agbádá, kí n bá ọ gbé pósí lọ fún ọkọ rẹ̀. Mo rí pósí náà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, ó dára gan-an. Obìnrin náà kò tọrọ pósí lọ́wọ́ rẹ. Oògùn ni wọ́n tọrọ fún un.

N kò ní bá ọ lọ. Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ sílé Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá, fi lé e lọ́wọ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi gbà láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, dá lọ bá ọkọ olóògbé, dúró níwájú rẹ̀, kí o sì gbọ́ gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ sọ sí ọ tán.