Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Àjàgbé Afíngbá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ fìà, ó kọjá igbó, ó kọjá ọ̀dàn, ó dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò àti Àjàgbé afíngbá. Tí mo bá kọrin, "Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́" ni kí ẹ máa gbè.

Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn. Bí ènìyàn bá ra igbá, Àwẹ̀ró á ní, "Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ pé ó ya." Bí ènìyàn bá ra ìkòkò, Àjàgbé á ní, "Ẹ rọra gbé e o, á fọ́!" Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà odò, oníkálukú á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọba Ìgbórè ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gbé ìyàwó. Ó ní kí àwọn méjèèjì mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó dára jù lọ wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá wu òun ni yóò máa ṣe ohun èlò ààfin títí ayé. Ọ̀nà Ìgbórè sì rèé, igbó kìjikìji ni, ẹnì kan kì í dá a rìn.

"Èmi àti ta ni?" Àwẹ̀ró pariwo. Àmọ́ iṣẹ́ ààfin wù ú. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù. Àjàgbé kó igbá fínfín rẹ̀ sínú igbá ràgàjì kan, òun náà gbé e rù. Ọ̀kan ń gba ọ̀tún, ọ̀kan ń gba òsì.

Nígbà tí ebi dé, Àwẹ̀ró dá iná, ó gbé ìkòkò kaná, ó se ẹ̀bẹ. Ẹ̀bẹ ń hó kùtùkùtù. Àjàgbé jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń jẹ iṣu tútù, kàrà, kàrà. Àwẹ̀ró bá kọrin:

Àjàgbé, gbé igbá rẹ kaná
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́
Ká wo bí yóò ti jó
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́

Ó jẹun yó, kò fún un ní òkèlè kan.

Wọ́n rìn títí, wọ́n kan odò ńlá. Àjàgbé gbé igbá ràgàjì lé omi, ó dì í mú, ó ń fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, ṣàlà, ṣàlà, ó gúnlẹ̀ sódì kejì. Ó yíjú padà, ó kọrin:

Àwẹ̀ró, gbé ìkòkò rẹ sómi
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́
Ká wo bí yóò ti rì
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́

Lékeléke kan wà lórí igi, ó ní, "Àjàgbé, kí lo tún ń dúró ṣe? Máa lọ, iṣẹ́ ààfin ti di tìrẹ."

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Ó jókòó sétí odò, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Àjàgbé nínú omi, ó ń padà bọ̀.

"Gbé ìkòkò rẹ sínú igbá," ni Àjàgbé wí. "Ìwọ náà dì í mú dáadáa."

"Kí ló dé tó o fi padà?"

"Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ níbí, oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu mi mọ́."

Nígbà tí wọ́n jọ gúnlẹ̀, àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹ ẹ̀bẹ.

Nígbà tí Ìgbórè kù díẹ̀, ìkookò fò jáde láti inú igbó, wùú! Ó gbé Àjàgbé ṣánlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ìwọ ni oúnjẹ òní!" Àwẹ̀ró kò ní igi, kò ní àdá. Ìkòkò tó fẹ́ fi gba iṣẹ́ ààfin ló gbé sókè, ó là á mọ́ ìkookò lórí, gbàù! Ìkookò ké háin, ó sá wọgbó. Ìkòkò di àpáàdì.

Wọ́n dé ààfin. Ọba wo igbá Àjàgbé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìwọ ni mo yàn."

Ṣùgbọ́n Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, ó kọrin:

Ìkòkò kan fọ́ lọ́nà, Kábíyèsí
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́
Nítorí mi ló ṣe fọ́
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́
Ẹ jẹ́ kí Àwẹ̀ró mọ òmíràn
Kẹ̀rẹ̀ǹkẹ́

Ọba gbà. Àwẹ̀ró wa amọ̀, Àjàgbé bá a fẹsẹ̀ gún un, amọ̀ mù ún dé orúnkún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n yọ ìkòkò náà nínú iná, ó ń dán gbinrin. Ọba wò ó títí, ó ní, "Àjàgbé, má bínú o. Èyí ló wù mí jù."

Àjàgbé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Àjàgbé ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé, Àwẹ̀ró dúró tì í. Àjàgbé ní, "Bí o bá ń gbé níbí, ta ni màá máa bá jà nílé?"

Àwẹ̀ró ní, "Má lọ. Jẹ́ ká jọ máa jà níbí."

Àjàgbé tú ẹrù. Kò pẹ́, àwọn ẹbí wọn wá so yìgì wọn ní Ìgbórè.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ẹni tó ń bá wa du iṣẹ́ lè má jẹ́ ọ̀tá wa. Ẹ má tíì kórìíra ènìyàn títí ẹ ó fi rí ohun tó ṣe fún yín nígbà ìṣòro.